Ta Ló Ń Dúró De Ẹni Tó Ti Ẹ̀wọ̀n Dé?

Ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ máa hó lórí iná, kí etí máa bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá sórí rédíò wa ní Atakpamé lálẹ́ yìí tí a kì í fẹ́ sọ níbi tí èrò bá pọ̀ sí. Bí ó bá kan ilé ẹnìkan, onítọ̀hún á ní ọmọ òun rìnrìn àjò ni. Á ní ó wà ní Abidjan. Á ní ó ń ṣiṣẹ́ ní Lomé, iṣẹ́ náà ni kò jẹ́ kó ráyè wálé. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀wọ̀n ni ọmọ wà.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo rí ọkùnrin kan tó dúró sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá títì tó lọ sí Sokodé. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ọgbà ẹ̀wọ̀n tó ti jáde, torí pé ọmọ rẹ̀ ń bá àwọn ọmọ wa lọ síléèwé. Àpò ọ̀rá dúdú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣòkòtò rẹ̀ ti tóbi jù ú lọ, okùn ló fi dì í mọ́ ìdí. Ó kí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èló ni ọkọ̀ ń gbà dé Anié báyìí?"

"Báyìí" yẹn ló dá mi dúró. Ẹni tó ń gbé àárín wa kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Mo bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀, kò dá mi lóhùn, ó kàn tú àpò ọ̀rá náà hàn mí. Abọ́ ike kan tí etí rẹ̀ ti ya, ẹ̀wù kan, àti ìwé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Ìwé ìtúsílẹ̀ ni. Ó tó ọdún mẹ́ta tó ti wà nínú àtìmọ́lé lórí ẹ̀sùn pé ó bá wọn jí alùpùpù. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé e dé iwájú adájọ́, adájọ́ wo ìwé, ó ní kò sí ohun tó fi hàn pé ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, kó máa lọ. Nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó há sórí kò wọlé mọ́. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo ń bọ̀ lónìí. Èmi gan-an kò mọ̀."

Mo na owó ọkọ̀ sí i. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò kúrò nídìí igi. Mo ní ọkọ̀ ń bọ̀ o, máa múra. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú díẹ̀ sí i, ẹ̀gbọ́n. N kò fẹ́ wọ ìlú lójúmọmọ."

Ẹ gbọ́ o. Ẹni tí adájọ́ ní kò jẹ̀bi ló ń dúró de òkùnkùn kó tó lè wọ ìlú bàbá rẹ̀. Mo ti rò ó títí. Bí ẹni tí wọ́n dá láre bá ń sá fún ojú wa báyìí, ẹni tó jẹ̀bi, tó ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán, tó san gbèsè tí ìjọba ní kó san, níbo ló fẹ́ gbé orí sí? Bí kò bá rí ilé gbé orí sí, ta ni yóò kọ́kọ́ gbà á? A mọ ẹni náà. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọgbà ni, àwọn tó mọ ibi tí a ti ń jí alùpùpù.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó ń dúró síbi ẹnu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì tó ń gbé oúnjẹ lọ. Àwọn ọmọ mọ́sáláṣí tó ń ra ọṣẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kàwé díẹ̀, tó ń bá ẹni tí kò mọ̀wé tọ ìwé rẹ̀ lẹ́yìn láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Àwọn wọ̀nyí ni mo gbà pé ó yẹ ká dìde ràn lọ́wọ́, kí àwa pẹ̀lú sì máa ké sí ìjọba títí tí ètò ìdájọ́ yóò fi yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Nínú èdè wa, ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ilé. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ irin ni, èyí tí wọ́n fi ń so ènìyàn lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Kò wọ́pọ̀ kí àwọn baba wa kọ́ ilé tí wọ́n á ti ènìyàn mọ́ fún ọdún márùn-ún tí wọ́n á máa ka ọjọ́. Ẹni tó jalè, yóò dá ohun tó jí padà, yóò san ìtanràn, ẹbí rẹ̀ yóò sì wá bẹ̀bẹ̀ níwájú àgbà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n á lé e kúrò nílùú. Mi ò ní purọ́ fún yín pé gbogbo ti àtijọ́ ló dára. Wọ́n fi ènìyàn ṣe ìwọ̀fà, wọ́n ta ẹlòmíràn lẹ́rú nítorí gbèsè. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí a ti sọ nù: ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, àwọn méjèèjì máa ń wà níbi ìjókòó. Lónìí, ẹni tí wọ́n jí adìyẹ rẹ̀ kò ní í rí adìyẹ, ẹni tó jí i yóò sì sọnù sínú ọgbà. Kò sẹ́ni tó jèrè.

Ìlú wa yìí pàápàá ní ìtàn tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìtàn tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ rí. Nígbà tí àwọn Jámánì ń ṣàkóso Tógò, ọ̀gá kan wà tí wọ́n fi ṣe olórí àgọ́ ìjọba ní Atakpamé, Geo Schmidt lorúkọ rẹ̀. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì tó wà níbí fẹ̀sùn kàn án pé ó ń fìyà jẹ ọmọ ìlú, pé ó sì fipá bá ọmọdébìnrin lò. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ní 1903, àwọn àlùfáà tó gbé ọ̀rọ̀ náà síta ni ìjọba amúnisìn mú, tí wọ́n tì mọ́lé. Ọ̀rọ̀ náà kò kú síbẹ̀. Ó rìn títí dé Berlin, ní 1906 aṣòfin kan tó ń jẹ́ Roeren gbé e kalẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, ariwo sì ta. Ọ̀mọ̀wé kan ní Jámánì, Rebekka Habermas, kọ odindi ìwé lé e lórí ní 2016. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé àtìgbà náà ni ẹni tó bá gbẹnu sọ fún ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ ní Atakpamé ti ń fi ara rẹ̀ wewu. Iṣẹ́ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí ti òní.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá tó wà ní Lomé, ènìyàn 666 ni wọ́n kọ́ ọ fún. Láti ọdún pípẹ́ wá, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ju ìlọ́po méjì iye yẹn lọ. Ẹ fojú inú wo yàrá tí ènìyàn mẹ́wàá ń sùn, kí ẹ wá kó ogún sí i, kí ooru oṣù Kẹta sì bá wọn níbẹ̀. Àwọn kan ń jókòó kí àwọn kan tó lè sùn. Oúnjẹ ìjọba, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni. Ẹni tí ará ilé rẹ̀ ń gbé abọ́ wá ló ń jẹ ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹni tí ilé rẹ̀ jìn, tí ìyá rẹ̀ wà ní Kambolé, tí kò sì ní owó ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni tirẹ̀.

Ohun tó tún ń dun èmi jù lọ ni pé ó ju ìdajì àwọn tó wà nínú ẹ̀wọ̀n Tógò lọ tí wọn kò tíì dá ẹjọ́ wọn. Wọn kò tíì dá ẹjọ́ wọn, ẹ gbọ́ o! Òfin orílẹ̀-èdè wa sọ pé a kò gbọdọ̀ ka ẹnikẹ́ni sí ẹlẹ́bi títí ilé ẹjọ́ yóò fi sọ bẹ́ẹ̀. Òfin sọ pé wákàtí 48 ni ọlọ́pàá tàbí zándáámù lè fi dá ènìyàn dúró kó tó di pé wọ́n lọ gbàṣẹ láti fi kún un. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá ti kúrò ní tésàn, tó dé orí tábìlì adájọ́ tó ní ìwé bíi òkè níwájú, ọjọ́ á di oṣù, oṣù á di ọdún. Agbẹjọ́rò kò tó nǹkan lórílẹ̀-èdè wa, Lomé sì ni ọ̀pọ̀ wọn jókòó sí. Bí àgbẹ̀ kan láti Amlamé bá wà nínú àtìmọ́lé, ta ni yóò bá a kọ̀wé pé ọjọ́ rẹ̀ ti pé? Àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ti lo ìgbà nínú àtìmọ́lé ju iye tí adájọ́ ìbá fún wọn lọ ká ní wọ́n dá ẹjọ́ náà lọ́jọ́ kìíní.

Ibẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ yìí ti ń wọlé. Ẹ̀yin tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ìlú ti gbọ́ orúkọ CACIT, àkójọ ẹgbẹ́ tó ń jà kí ẹni tó ṣèkà má baà máa rìn láìjìyà. Ẹ ti gbọ́ ACAT-Togo, àwọn Kristẹni tó kọ ìfìyàjẹni nínú àtìmọ́lé. ASVITTO wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n fìyà jẹ fúnra wọn ló dá a sílẹ̀. Prisonniers sans frontières ń rán ọmọ ẹgbẹ́ tó yọ̀ǹda ara wọn lọ sínú ọgbà ẹ̀wọ̀n kí wọ́n lè wo ọ̀rọ̀ omi, ìmọ́tótó àti àìsàn. Iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí àti ti àwọn mìíràn wà lára ohun tó jẹ́ kí ìwé òfin ọ̀daràn tuntun tí Tógò fọwọ́ sí ní oṣù Kọkànlá 2015 sọ ìfìyàjẹni di ọ̀ràn gidi tó ní ìjìyà, kó sì fi àyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú ní ipò ẹ̀wọ̀n fún ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké. Iṣẹ́ ìlú, bíi ká ní kí ẹni tó ṣẹ̀ gbá ọjà, kó tún ọ̀nà ṣe, kó sì máa sùn nílé rẹ̀. Ó wà nínú ìwé. Kí ó kúrò nínú ìwé kó sì dé ẹnu adájọ́ lójoojúmọ́, ìyẹn ló kù, àwọn ẹgbẹ́ yìí sì ni wọ́n ń rán ìjọba létí.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí orúkọ ńlá bo orúkọ kékeré mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ tó pọ̀ jù, àwọn tí kò ní ọ́fíìsì rárá ló ń ṣe é. Mo mọ obìnrin kan, ẹja gbígbẹ ló ń tà. Ìwé ìkọ̀wé aláwọ̀ búlúù kan tó ti dọ̀tí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já wà nínú àpò rẹ̀. Inú rẹ̀ ló ń kọ orúkọ sí: ọjọ́ tí wọ́n mú ẹni yìí, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, ọ́fíìsì tí ìwé rẹ̀ wà, ẹni tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́, ìlú tí ìyá náà ń gbé. Ó ń fi pẹ́ńsùlù pupa fàlà sábẹ́ ẹni tí kò ní àlejò kankan láti oṣù mẹ́fà. Kò lọ síléèwé kọjá kíláàsì mẹ́fà, ṣùgbọ́n akọ̀wé ilé ẹjọ́ kan sọ fún mi pé bí ìyá yẹn bá ti wọlé, àwọn a dìde lọ wá ìwé náà, torí kò ní í lọ. Yóò jókòó. Yóò tú ẹja rẹ̀ sílẹ̀, yóò máa ṣa á, yóò máa dúró.

Wọ́n ti fi irú iṣẹ́ yìí ṣe ètò gidi níbòmíràn. Ní Malawi, ní ọdún 2000, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ènìyàn tí kì í ṣe agbẹjọ́rò ní òfin tó tó fún wọn láti wọ inú ọgbà ẹ̀wọ̀n, kí wọ́n la òfin yé àwọn tó wà ní àtìmọ́lé, kí wọ́n sì tọ ìwé wọn lẹ́yìn. Wọ́n ń fi eré kọ́ wọn bí a ṣe ń dúró níwájú adájọ́ àti bí a ṣe ń béèrè fún onídùúró. Adájọ́ náà sì ń wá sínú ọgbà, yóò jókòó níbẹ̀, yóò dá ẹjọ́ lórí ìjókòó. Kí ló ṣòro nínú ìyẹn fún wa? Ní Nàìjíríà tí kò jìnnà sí wa, agbẹjọ́rò obìnrin kan, Oluyemi Adetiba-Orija, dá Headfort Foundation sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n ń gba ẹjọ́ aláìní rò lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2019 ti yí orúkọ ilé iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n padà sí ilé iṣẹ́ àtúnṣe ìwà, ó sì fún ọ̀gá ọgbà láṣẹ láti kọ ènìyàn tí wọ́n bá kó wá nígbà tí ọgbà bá ti kún.

Ní báyìí, mo mọ̀ pé ẹnìkan wà tó jókòó sẹ́yìn rédíò rẹ̀ tó ń sọ pé, "Ẹ̀yin ń ṣàánú olè. Èmi tí wọ́n jí màlúù mi ńkọ́? Èmi tí wọ́n gún ọmọ mi lọ́bẹ ńkọ́?" Bàbá, ẹ jàre. Ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹni tó ṣèkà gbọdọ̀ jìyà. Ohun tí mo ń bi yín ni pé, nígbà tó bá jìyà tán ńkọ́? Kò sí ẹ̀wọ̀n tí kì í tán, àfi tẹni tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún. Láti 2009 ni Tógò ti fagi lé ìdájọ́ ikú. Èyí já sí pé púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tó wọlé lọ ni yóò jáde wá bá wa. Ojú títì kan náà ni a ó jọ máa rìn. Bóyá ẹ fẹ́ kó jáde pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́wọ́ àti ará ilé lẹ́yìn, tàbí ẹ fẹ́ kó jáde pẹ̀lú ebi àti ìbínú, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Màlúù yín tó kù, lọ́wọ́ èwo nínú àwọn méjèèjì ni yóò ti ní ààbò?

Ẹ rántí oṣù Kẹrin 2020, nígbà àrùn kòrónà. Ààrẹ orílẹ̀-èdè dárí ji ẹlẹ́wọ̀n 1,048 lẹ́ẹ̀kan náà kí ọgbà lè fúyẹ́. Ó dára, mo yìn ín. Ṣùgbọ́n ènìyàn ẹgbẹ̀rún kan àti méjìdínláàádọ́ta jáde sígboro nígbà tí ọ̀nà àárín ìlú kan sí ìkejì ń tì, tí ọjà ń tì, tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù ẹni tó bá ń bọ̀ láti ibòmíràn. Ta ló lọ sọ fún ìyá wọn? Ta ló fún wọn lówó ọkọ̀? Ilẹ̀kùn ọgbà ṣí, ilẹ̀kùn ilé ńkọ́?

Ilẹ̀kùn ilé yìí ni iṣẹ́ tó nira jù. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì la fi ń fà á mọ́ra. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, ọwọ́ ọ̀tún ti di ti ìjọba, ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Òsì ni tiwa, òun ló sì rọ. Àwọn agbanisíṣẹ́ á ní kí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ mú ìwé ẹ̀rí wá láti ilé ẹjọ́ pé kò ṣẹ̀wọ̀n rí, ìwé tí gbogbo wa mọ̀ ní kásíé. Nítorí adìyẹ tó jí ní ọmọ ogún ọdún, kò ní í rí iṣẹ́ ọlọ́dẹ ṣe ní ọmọ ọgbọ̀n. Ní California, ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí ló kó ara wọn jọ ní 2003, wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní All of Us or None. Wọ́n ní kí àwọn agbanisíṣẹ́ yọ àpótí kékeré tó wà lórí fọ́ọ̀mù kúrò, èyí tó ń béèrè bóyá ènìyàn ti ṣẹ̀wọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ tó béèrè ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀ ti sọ ọ́ dòfin. Kì í ṣe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ gbé e dìde o, àwọn tí orúkọ wọn ti bàjẹ́ ni.

Kí wá ni kí a ṣe, àwa tí a jókòó ní Atakpamé yìí?

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ̀yin ọ̀gá télọ̀, ẹ̀yin káfíńtà: ọmọṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ gba ẹnìkan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ kan bá mú wá, tí wọ́n sì ṣe onídùúró fún. Ẹ má kó gbogbo irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní, ẹ fi ojú sí i bí ẹ ṣe ń fi ojú sí ọmọṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọṣẹ ní ọjà, ọṣẹ mélòó kan lóṣù. Ẹ̀yin onímọ́tò, àyè kan láti ẹnu ọ̀nà ọgbà dé ìlú ẹni tó jáde, ẹgbẹ́ á fún yín ní ìwé kékeré kan tí yóò fi hàn pé òótọ́ ni. Ẹ̀yin agbẹjọ́rò tí ẹ jẹ́ ọmọ agbègbè Ogou yìí tí ẹ ń gbé Lomé, ẹ mú ọjọ́ kan wá nínú oṣù. Ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin olórí àdúgbò, ọ̀rọ̀ yín ló wúwo jù. Bí baálẹ̀ bá sọ lójú agbo pé lágbájá ti dé, pé ọmọ wa ni, ẹnikẹ́ni tó bá pè é ní ará ẹ̀wọ̀n yóò mọ ẹni tó ń bá jà.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ náà, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín, ẹ má bínú. Ẹ kọ gbogbo owó sílẹ̀. Àwọn kan wà tó ń lọ bá ìyá ẹni tó wà ní àtìmọ́lé tó ń sọ pé kó mú owó wá, àwọn mọ ọ̀gá kan, àwọn á tú ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá á ta ewúrẹ́, á ta aṣọ òkè tí wọ́n fi gbé e níyàwó, wọ́n á jẹ owó náà mọ́lẹ̀, ọmọ kò ní í jáde. Ẹ jẹ́ kí ìwé yín mọ́ kí a lè mọ̀ yín yàtọ̀ sí wọn. Ẹ fi ìwé náà han ẹni tó fún yín ní sẹ́fà márùn-ún bí ẹ ṣe ń fi han ẹni tó fún yín ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún.

Àti ẹ̀yin ẹbí. A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Kí ẹ tó fa ọmọ aládùúgbò lọ sí tésàn nítorí ọ̀rọ̀ tí àgbà lè parí, ẹ fi alẹ́ ọjọ́ kan sùn lé e. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ ìfipábánilò, ọ̀rọ̀ tó kan ọmọdé, ẹ gbé e lọ, ẹ má bo ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè? Iṣu mẹ́ta? Ìjà ọtí?

Ó ku ti àwa oníṣẹ́ rédíò. Kamina kò jìnnà síbi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Ibẹ̀ ni àwọn Jámánì gbé ilé iṣẹ́ rédíò ńlá kan sí kí ogun 1914 tó dé, òpó gíga-gíga tó ń bá Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀ láti òkè òkun. Àwọn fúnra wọn ló bà á jẹ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún náà nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń sún mọ́ tòsí. Àwọn baba wa ló fi orí ru ẹrù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fìgbà kan bá wọn sọ̀rọ̀. Èyí tí a ní lónìí gbọ́ èdè wa. Bí a ṣe ń kéde òkú, tí a ń kéde ewúrẹ́ tó sọnù, bẹ́ẹ̀ náà ni a lè bá àwọn ẹgbẹ́ yìí wá ẹbí. A kò ní í dárúkọ ẹ̀wọ̀n. A ó kàn ní, ará ilé lágbájá, ẹnìkan ń wá yín fún rere, ẹ pe nọ́ńbà yìí. Mo ti bá ọ̀gá mi sọ ọ́, ó sì ti gbà pé kí a máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọkùnrin abẹ́ igi máńgòrò, ẹ ó máa béèrè. Bí a ṣe dúró tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, ìyá ẹlẹ́ja gba ibẹ̀ kọjá, ó gbé igbá sórí. Ó wo ọkùnrin náà, ó sọ igbá kalẹ̀, ó yọ ìwé búlúù rẹ̀. Ó ṣí i títí tó fi kan orúkọ, ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ìwọ ni ọmọ ìyá tó ń ṣe gàrí ní ọ̀nà odò?" Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Ìyá náà kò jẹ́ kó wọkọ̀ lálẹ́ yẹn. Ilé rẹ̀ ló sùn sí, lórí ẹní, lẹ́bàá àpò ẹja. Ní ìdájí, ìyá náà ló kọ́kọ́ lọ sí Anié, òun nìkan, ó lọ bá baálẹ̀, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi ìwé ìtúsílẹ̀ hàn wọ́n, ó kà á fún wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ni ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Oòrùn ti là. Ọjọ́ ọjà ni, èrò pọ̀. Ìyá ẹlẹ́ja ló sọ èyí tó kù fún mi. Ó ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró síbi ọkọ̀ pẹ̀lú agbè omi lọ́wọ́, kò sọ nǹkan kan, ó bu omi, ó dà á sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀, ó bu ìyókù fún un mu. Lẹ́yìn náà ó gba àpò ọ̀rá dúdú yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi sí èjìká, ó sì gba àárín ọjà kọjá lọ sílé. Àbúrò ń tẹ̀lé e.